Mo Jí Ìtàn Aládùúgbò Mi, Mo Fi Ta Wáìnì

Orúkọ mi ni Solange Virot. Mo ti yí orúkọ gbogbo èèyàn tó kù nínú ìtàn yìí padà, àti orúkọ ìlú wa, ṣùgbọ́n tèmi ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló pàṣẹ rẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún aráyé, kí n má fi ojú pamọ́.

Èmi àti Aubin ọkọ mi ní ọgbà àjàrà kan ní Cormoray, ní agbègbè Bourgogne. Ọgbà náà kò tóbi. Wáìnì wa kò burú. Ohun tí àwọn tó ń rà á máa ń sọ náà nìyẹn, wọ́n á sì dá owó wọn padà sápò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń gba ìlú wa kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn mọ́ńkì kọ́ láyé àtijọ́. Wọ́n á lọ sí ààfin Montcerf, wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní ọba kan sùn lé. Lẹ́yìn náà wọ́n á yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n á tọ̀, wọ́n á tọ́ wáìnì wò, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì.

"Ilé ìtọ̀ ni wá," Aubin wí lọ́jọ́ kan. Kò bínú. Aubin kì í bínú. Ohun tó rí ló sọ.

Màmá Odette Jaillot ni aládùúgbò wa. Ògiri kan ṣoṣo ló pín àgbàlá wa àti tirẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ní ọkọ, kò bímọ. Tí mo bá ń lọ sọ́jà, mo máa ń bá a ra ohun tó bá fẹ́. Òun náà á fún mi lẹ́yin adìẹ rẹ̀. Bí a ṣe ń gbé títí nìyẹn.

Nígbà òtútù kan, ó ṣubú nínú àgbàlá. Èmi ni mo gbé e wọlé, èmi náà ni mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ní, "Solange, mú tọ́ọ̀ṣì dání. Jẹ́ ká lọ sí àjà ilẹ̀."

Mi ò dé àjà ilẹ̀ rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dín, ó sì yí sápá òsì, torí náà mo fi èjìká ti ògiri títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn àwọn àpótí, àgbá onígi ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Ibí ni bàbá mi fi àwọn ọmọ Júù méjì pamọ́ sí nígbà ogun Hítílà," ó wí. "Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Èmi ni mò ń gbé ọbẹ̀ wá fún wọn nínú korobá, kí ẹni tó bá rí mi lè rò pé ewúrẹ́ ni mo lọ fún wàrà rẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Wọ́n gbé wọn lọ láàárọ̀ kan. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n yè. Kò pẹ́ sí i, àwọn ọmọ ogun Jámánì wá mú bàbá mi. Ẹnìkan ló lọ sọ. Ará ìlú yìí ni."

"Ta ni?"

"Ìyá mi ò mọ̀ títí ó fi kú. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ níbí, torí a ò mọ èwo nínú àwọn tí à ń kí ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe é."

Bàbá rẹ̀ kò padà wá.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń sọ fún mi. Ó ní, "Mi ò bímọ, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ. Ìwọ náà kì í ṣe ọmọ ibí, ọkọ ló gbé ọ wá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn èèyàn tìrẹ ló lọ sọ."

Mo gbé ọwọ́ lé àgbá náà. Mo búra fún un pé ẹnu mi á di.

Ó dì títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò kan wá láti Lille. Òjò ti pa wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀dì ọba kò sì wú wọn lórí. Obìnrin kan tó wọ awò pupa wo àjà ilẹ̀ wa yíká, ó bi Aubin pé, "Ǹjẹ́ nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ níbí rí?"

Aubin ronú sí i dáadáa.

"Omi wọlé lọ́dún kan," ó wí.

"Yàtọ̀ sí ìyẹn ńkọ́?"

"Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì."

Afinimọ̀nà wọn wo aago. Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà ìta. Mo rí àwọn ìgò tí mo ti ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀, mo la ẹnu, mo sì gbọ́ tí mò ń sọ pé, "Àwọn ọmọ méjì sá pamọ́ sínú àgbá ńlá tó wà lẹ́yìn yín yẹn nígbà ogun."

Gbogbo wọn dúró. Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló tọ́jú wọn?"

"Germaine, ìyá bàbá ọkọ mi. Inú korobá ló máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún wọn."

Aubin wò mí bó ṣe máa ń wo òkè nígbà tí ìkùukùu bá ń bọ̀ tí kò sì tíì mọ̀ bóyá yìnyín ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ra wáìnì lọ́jọ́ náà títí Aubin fi padà lọ gbé àpótí míràn wá. Obìnrin aláwò pupa dì mọ́ mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Mo ní kó má sunkún mọ́.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ tán, Aubin ń nu ife.

"Solange, bàbá mi ló ra àgbá yẹn. Ọdún tí wọ́n bí mi ló rà á."

"Àwọn àlejò ò mọ ọdún tí wọ́n bí ẹ."

"Ìyá bàbá mi ò fẹ́ràn ọmọdé."

"Wọn ò mọ ìyẹn náà."

Ó nu ife míràn. "Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

Mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ Màmá Odette, ti àwọn ọmọ, ti bàbá rẹ̀, ti ẹni tó lọ sọ. Aubin gbé ife náà kalẹ̀.

"Kí ni bàbá bàbá mi ṣe nígbà ogun?" ó bi mí.

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Wọn kì í sọ ọ́ nílé wa." Ó wo àgbá náà. "Ó lè jẹ́ òun ló lọ sọ, Solange. Ìwọ sì wá fi ìyàwó rẹ̀ ṣe akọni. Má sọ ọ́ mọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́ mọ́," mo wí.

Mo tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn mo ti mọ ibi tó yẹ kí n ti rẹ ohùn sílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò ní pa á mọ́ fún yín pé ó dùn mọ́ mi. Gbogbo ayé mi, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa wáìnì, àwọn èèyàn máa ń wo bàtà wọn. Nísinsìnyí wọn kì í ṣẹ́jú. Mo yọ gílóòbù, mo tan àbẹ́là. Mo gé ikùn àgbá bàbá ọkọ mi. Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó sínú rẹ̀. Mo lọ sọ́jà àlòkù, mo ra bèbí onígi kan tí apá rẹ̀ kan ti já, mo gbé e lé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó tà á fún mi bi mí pé ṣé kí òun bá mi wá apá kejì. Mo ní kó má ṣe ìyọnu.

Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì gé àkókò bẹ́ẹ̀dì ọba kù kí wọ́n lè fi kún tiwa. Ìwé ìròyìn agbègbè wá ya àwòrán mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Ojú ìbànújẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ dára gan-an.

Màmá Odette ò fún mi lẹ́yin mọ́.

Mo lọ bá a lágbàlá rẹ̀. "Màmá, ṣé àwọn adìẹ yín ò yé mọ́ ni?"

"Wọ́n ń yé," ó wí. Ó ń da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Mi ò bèèrè ohun míràn. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Aubin pé ọjọ́ ogbó ti ń dé bá Màmá Odette.

Aubin ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o rò?"

Alága ìlú wa, Ọ̀gbẹ́ni Courtillot, gbọ́ ìròyìn náà, ó sì wá kí wa. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wá akọni fún Cormoray. "Ìlú tó wà lókè ọ̀hún ní akọni," ó wí. "Èyí tó wà nísàlẹ̀ odò ní méjì. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ gbé e pamọ́." Ó ní wọn á gbé òkúta ìrántí sí ara ògiri wa, wọn á kọ orúkọ Germaine Virot sí i. Mo ní Germaine kò fẹ́ràn ariwo. Ó ní bí àwọn akọni ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, lẹ́yìn ìkórè, ó wá pẹ̀lú tépù láti wọn ògiri náà. Ọ̀sán ni. Àwọn àlejò wà nílẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìntì láti Lyon. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, òun ò ní dí mi lọ́wọ́.

Bàbá kan wà láàárín wọn, ó tín-ín-rín, ó wọ táì, ó gbé báàgì kékeré kan mọ́ àyà. Kò tọ́ wáìnì wò. Ẹ̀gbẹ́ àgbá ló dúró sí ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, madam, àtẹ̀gùn yín lọ tààrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Èyí tí mo rántí yí sápá òsì. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ bọ̀ kí n tó rí iná rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé àwọn tó kù. Ó yé èmi.

"Armand Grinblat lorúkọ mi," ó wí. "Èmi ni ọmọkùnrin náà. Fanny, àbúrò mi, ni ọmọbìnrin. Ó ti kú lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n fi gbé wa wá, òun náà ni wọ́n fi gbé wa lọ, a ò mọ orúkọ ìlú náà. A wá a títí ó fi sú wa. Ìgbà tí mo rí yín nínú ìwé ìròyìn, mo ní mo ti rí i."

Ọ̀gbẹ́ni Courtillot rọra sọ tépù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ń gbé ọbẹ̀ náà wá?" bàbá náà bi mí.

"Germaine ni. Ìyá bàbá ọkọ mi."

"Rárá o. Ọmọdé ni. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń súfèé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò lè sú u, nítorí eyín."

Ibi tó yẹ kí n ti kúnlẹ̀ nìyẹn. Mo ti ro ohun tí mo wá sọ títí, mi ò tíì rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín kó má burú tó bó ṣe burú. Mo ní:

"Bàbá, ọmọdé lẹ nígbà náà. Nǹkan máa ń dà rú lọ́kàn ọmọdé. Ibí ni."

Ó wò mí. Ó wo àgbá. Ó wo bèbí.

"Fanny ò ní bèbí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ó ti pẹ́."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìborùn obìnrin kan jáde, aláwọ̀ búlúù, wọ́n ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ní Fanny ló fi sílẹ̀. Ó ní Fanny sọ pé tí òun bá rí ilé náà, kí òun fi fún onílé. Ó nà án sí mi.

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo na ọwọ́.

"Kì í ṣe ibí," Aubin wí.

Ìdí omi ló wà, ó ń ṣan ife. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, kò sọ ju "Funfun àbí pupa?" lọ fún àlejò kankan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ogun ni bàbá mi ra àgbá yẹn. Ìyá bàbá mi ò tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ilé kejì ni. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ fún yín sì wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Courtillot yíjú sí mi. "Solange?"

"Òótọ́ ló sọ," mo wí.

Obìnrin kan tó ti di ìgò méjì mú láti rà dá wọn padà sórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìjẹ́ kí wọ́n dún. Ó wá bi mí pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà. Mo júwe fún un.

Gbogbo àwọn tó kù tẹ̀ lé Aubin àti bàbá náà jáde. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, torí mi ò mọ ohun míràn tí mo lè ṣe. Màmá Odette wà nínú àgbàlá rẹ̀, ó ń kó ewé tó já sílẹ̀ jọ. Aubin ṣí géètì.

"Màmá, ẹnìkan ń wá yín."

"Mi ò gba àlejò onítọ́wò," ó wí, kò gbé ojú sókè.

Armand ṣí fìlà rẹ̀. "Kì í ṣe wáìnì ló gbé mi wá. Ọmọbìnrin kan ni mò ń wá, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká."

Màmá Odette dúró. Ó fara ti igi ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú bàbá náà, ó wò ó títí ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi wúkọ́.

"Wọ́n hù," ó wí. "Wọ́n sì tún ti ká."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Sú ìfèé náà kí n gbọ́."

Armand ká ẹnu jọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún gbìyànjú.

"Eyín ni," ó wí. "Tèmi náà ò sí mọ́."

Màmá Odette di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wọlé bí ẹni pé òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó wò mí. Mo ti retí ìbínú, kò sí níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo ibi tí ó ti gbé nǹkan sí tí kò sì bá a níbẹ̀ mọ́.

Alága ìlú ká tépù rẹ̀, ó lọ. Bọ́ọ̀sì náà dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú nítorí Armand, nígbà tó yá ó wá fi í sílẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn tún kọ nípa mi. Àwòrán kan náà ni wọ́n lò, wọn ò nílò láti ya òmíràn. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì dá àkókò bẹ́ẹ̀dì ọba padà. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ń ta búrẹ́dì fún mi láìkí mi. Aubin kò bá mi jà. Ó kàn gbé bèbí náà lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó sun ún.

Mo lọ tọrọ àforíjì. Màmá Odette fi mí sílẹ̀ ní ìdúró nínú àgbàlá.

"Nítorí kí ni?" ó bi mí.

"Nítorí ìtàn yín tí mo jí, Màmá."

"Ìyẹn dùn mí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí àwọn àlejò ti ń kan géètì mi, tí wọ́n ń bi mí pé níbo ni ihò àwọn ọmọ wà. Mo rò pé ojú máa tì ọ́, wàá dáwọ́ dúró." Ó tún aṣọ òtútù rẹ̀ fà pọ̀. "Ṣùgbọ́n Armand sọ ohun tí o sọ fún un. Pé nǹkan dà rú lọ́kàn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti kú, àwọn òbí rẹ̀ ò padà wá, ohun tó rántí nìkan ló kù fún un. O sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé alága ìlú dúró níbẹ̀."

Mo wo àwọn adìẹ rẹ̀.

"Tí o kò bá parọ́, kò ní rí mi," ó wí. "Mo mọ ìyẹn. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Kò sọ ọ́ di ohun tó dáa. Ó kàn ń jẹ́ kó ṣòro fún mi láti ṣépè fún ọ. Máa lọ sílé, Solange."

Láti ìgbà náà, Armand máa ń wá ní gbogbo oṣù Ọ̀wàrà. Ó máa ń dé sílé Màmá Odette, mo sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òdìkejì ògiri. Ọdún àkọ́kọ́, mo fi wáìnì rán Aubin sí wọn. Ìgò náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún kejì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lọ́dún yìí, èmi ni Màmá Odette fi igi kan ògiri pè. "Solange. Gbé wáìnì wá. Mú èyí tí kò kan."

Mo gbé e lọ. Ìdí iná ni wọ́n jókòó sí, ìborùn búlúù náà wà lọ́rùn Màmá Odette. Wọ́n ń jiyàn lórí ọbẹ̀. Armand ní ọbẹ̀ kábéèjì ni. Màmá Odette ní ànàmọ́ ni, òun lòun ń bó o, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun míràn fún òun. Mo bu wáìnì fún wọn, mo yíjú láti máa lọ.

"Jókòó," ó wí. Kò wò mí.

Mo jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n bá iyàn ọbẹ̀ wọn lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ọbẹ̀. Màmá Odette bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ fún mi lọ́jọ́ tí a lọ sí àjà ilẹ̀, nípa bàbá rẹ̀ àti àárọ̀ tí wọ́n wá mú un. Armand náà sọ tirẹ̀, èyí tó ní òun ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí Fanny ti kú. Kò sí èyí tó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí mi nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí mo délé, Aubin ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ.

Mi ò sọ fún un. Ẹ̀yin náà, mi ò ní sọ fún yín.